Kò Sí Mọ́tò, Ṣùgbọ́n A Ó Dé Etí Odò

Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ sì ti ń béèrè ibi tí a ń lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ni mo fẹ́ bá yín sọ, bóyá ó lè wúlò fún ẹlòmíràn tí kò ní mọ́tò bíi tiwa.

Ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta ní oṣù November. Àárín oṣù April ni wọ́n ń padà. Mọ́tò wa kan ṣoṣo kú ní January. Mẹkáníìkì wò ó, ó ní ẹ́ńjìnì ti lọ, owó àtúnṣe sì ju iye mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà nìkan ni Ìyá mọ̀ ní Amẹ́ríkà. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n jókòó sójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìlú yín ò lódò ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Etí odò Ògùn ni Ìyá dàgbà sí. Kí n wá jẹ́ kí wọ́n padà sílé, kó jẹ́ ilé ìtajà ni wọ́n á máa ròyìn fún àwọn ẹgbẹ́ wọn? Rárá o.

Atlanta lódò. Chattahoochee ni, omi rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń mu lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ò kọjú sí odò yẹn. Rélùwéè ló bí Atlanta. Ibi tí ojú irin ti pàdé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Odò wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn igbó, ẹni tí kò ní mọ́tò á sì pẹ́ kó tó débẹ̀. Bí a bá fẹ́ rí ìlú tó kọjú sí omi, àfi ká jáde.

Èmi àtàwọn ọmọ wá tẹ́ máàpù Georgia sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ fi rúlà fa ìlà láti Columbus dé Augusta, ẹ óò rí i pé Macon ò jìnnà sí ìlà náà. Kì í ṣe èèṣì. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ olókùúta líle ti apá òkè ti pàdé ilẹ̀ oníyanrìn tó lọ bá òkun. Odò máa ń já wálẹ̀ lórí àpáta níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ò sì lè kọjá. Níbi tí ọkọ̀ bá dúró sí, ọjà á dìde. Níbi tí omi bá ti ń já, wọ́n á fi yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ aṣọ.

Savannah ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ dárúkọ fún mi. Ó lẹ́wà, n ò jiyàn. 1733 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ ń gbé èèyàn sọdá odò, ère ìdílé adúláwọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2002 sì wà létí omi, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti já wà lẹ́sẹ̀ wọn. Lẹ́bàá ìlú yìí náà ni wọ́n ti ta àwọn ẹrú tó lé ní 400 ní ọjọ́ 2 àti 3 oṣù March 1859. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 250 máìlì, bọ́ọ̀sì á lò ju wákàtí mẹ́rin lọ, òkúta ni wọ́n sì fi tẹ́ òpópónà etí odò, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga fíofío. Orúnkún Ìyá ò lè gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó sá fún ọjọ́ 17 oṣù March: ọdún St. Patrick ni, èrò á kún ìlú bámúbámú, owó hòtẹ́ẹ̀lì á sì fò sókè.

Augusta súnmọ́ wa díẹ̀, bíi 145 máìlì. Odò Savannah kan náà ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé abẹ́ ilé ìjọsìn Springfield Baptist níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní Morehouse lónìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1867, kó tó kó wá sí Atlanta ní 1879. Àbí ta ló mọ̀ pé Morehouse kì í ṣe ọmọ Atlanta? Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ń gba ìsinmi níbẹ̀rẹ̀ April sábà máa ń kọlu ìdíje gọ́ọ̀fù Masters. Lọ́sẹ̀ náà, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tálákà ò sí.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mú Columbus. Ó lé díẹ̀ ní 100 máìlì, bíi wákàtí méjì nínú bọ́ọ̀sì. Chattahoochee wa yìí gan-an ló ṣàn débẹ̀, omi kan náà. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá, wọ́n ní, "Àá, ẹ ń lọ wo ibi tí omi yín ń sá lọ." Ní 2012 àti 2013, wọ́n fọ́ dáàmù àtijọ́ méjì láàárín ìlú náà, odò sì padà sórí àpáta rẹ̀, ó ń hó yàà. Àpáta àti omi papọ̀, kí ni ọmọ Abẹ́òkúta tún ń wá? Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó tẹ́jú wà létí odò, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan sì wà tí èèyàn á fi rìn láti Georgia bọ́ sí Phenix City ní Alabama, láìsan kọ́bọ̀. Ilé Ma Rainey, akọrin blues tó kú ní 1939, náà wà ní ìlú yẹn.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ó ní òun ò ní wọ bọ́ọ̀sì, ojú ń ti òun, àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ sí Florida nínú mọ́tò bàbá wọn. N ò bá a jà. Mo sọ ìtàn Horace King fún un. Ẹrú ni ọkùnrin yìí, wọ́n bí i ní 1807. Ní 1832, òun àti ọ̀gá rẹ̀, John Godwin, wá kọ́ afárá igi sórí odò ní Columbus. Ó gba òmìnira ní 1846, ó kọ́ afárá káàkiri Georgia àti Alabama, lẹ́yìn ogun abẹ́lé ó di aṣòfin ní Alabama. Nígbà tí Godwin kú ní 1859, King ló gbé òkúta ìrántí sórí ibojì rẹ̀. Ọmọ mi dákẹ́, ó wá ní, "Mọ́mì, kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni ín lẹ́rú?" Mi ò rí èsì fún un. Ìyá ní kó jẹ́ káwọn dé ibi afárá ná, àwọn á jọ rò ó. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá àkókò tí bọ́ọ̀sì ń gbéra.

Ètò wa rèé. Ọjọ́ méjì, a ó sùn lálẹ́ kan, ní ìparí oṣù March. A ó wọ MARTA dé Garnett, gáréèjì Greyhound wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. $2.50 ni owó MARTA. Ọmọ tí kò bá ga tó 46 ínṣì, méjì á tẹ̀lé àgbà kan lọ́fẹ̀ẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì tí a lè fẹsẹ̀ rìn látibẹ̀ dé etí odò la mú. Ó wọ́n ju ti ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó takisí mọ́ tọ̀hún kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ̀. METRA ni bọ́ọ̀sì ìlú wọn. Ẹ béèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday kẹ́ ẹ tó gbọ́kàn lé e.

Ẹ má gbàgbé pé wọ́n máa ń ti aago síwájú ní wákàtí kan ní Sunday kejì oṣù March. Ẹni tó bá gbàgbé, bọ́ọ̀sì á lọ. Ẹ mú súwẹ́tà, torí òwúrọ̀ ṣì ń tutù, ẹ sì mú oògùn ọmọ tó bá ní asímà, torí lulúù aláwọ̀ ìyeyè tó ń bo mọ́tò lásìkò yẹn ò mọ ọmọ kékeré. Àwa tí a kì í ṣe ọmọ onílùú, kí àgbà mú ìwé rẹ̀ dání. Mọ́ínmọ́ín àti dùndún la ó gbé lọ.

Ohun kan tí mi ò fi ṣeré ni àpáta inú odò. Bí wọ́n bá ṣí dáàmù lókè, omi lè ga lójijì, bí ti Ọ̀yán ṣe ń ṣe fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò Ògùn. Orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ á dúró sí.

Ìdílé méjì ti ní àwọn á bá wa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kún wa, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé oṣù yìí, kí a lè jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá ti ń wá ìgò kékeré tí wọ́n á fi bu omi odò náà lọ sí Abẹ́òkúta. Mo ti sọ fún wọn pé àwọn ará eápọ́ọ̀tù ò ní gbà. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn dé ọ̀dọ̀ wọn ná.