Àwòrán Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀

Kí àgádágodo olónọ́ńbà tó dé ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń ti ọ̀rọ̀ mọ́ inú nǹkan mìíràn. Àrokò ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí a rán lè gbé e láti Ìjẹ̀bú dé Èkó kí ó má mọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni yóò tú u, tí yóò sì kà á. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n kojú síra, ọ̀rọ̀ ìbátan àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé nìyẹn. Ẹyọ mẹ́fà, ìyẹn ẹ̀fà, ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ, ìyẹn ẹ̀jọ, ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra, a jọ wà níbẹ̀ ni.

Òyìnbó oníwàásù kan, C. A. Gollmer, tí ó ṣiṣẹ́ ní Badagry àti Èkó, kọ ohun tí ó mọ̀ nípa àrokò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1885. Ó sọ nípa ọkùnrin kan tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú lẹ́rú, tí ó fi òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Kí ni ó ń wí? Ara mi ṣì le bí òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀nà mi ṣókùnkùn bí èédú, ọkàn mi gbóná bí ata, mo ti gbẹ bí àgbàdo tí a yan, aṣọ ọrùn mi sì ti di àkísà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, lẹ́tà wo ló jùyẹn lọ?

Ọ̀dọ̀ bàbá tí ó bí mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Awọnlẹ̀ ni Bàbá wa. Ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wọn ilẹ̀ onílẹ̀ kí ó tó kọ́ ilé tirẹ̀ sí Thomas Estate ní Ajah. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ó ti Lẹ́kì lọ sí Ẹ̀pẹ́, yóò mọ̀ pé yanrìn àti omi ni ó ni ín. Bí òjò bá rọ̀ gidi, àwọn onílé á tún ra yanrìn sí àgbàlá wọn, kí omi má baà wọlé bá wọn lórí ibùsùn. Ohun kan tí ó máa ń pa Bàbá lẹ́rìn-ín nínú àwọn ẹsíteètì òde òní ni nọ́ńbà tí àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì ń bi àlejò. Bí onílé kò bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, òde lo máa wà. Bàbá á ní, “Ṣé ẹ rí i, àrokò ti padà dé!”

Àwa mẹ́ta ni Màmá bí fún un. Bùrọ̀dá mi ni àgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ìbejì. Èmi ni mo tẹ̀lé e. Àbúrò wa ọkùnrin ni àbíkẹ́yìn, Ẹ̀pẹ́ ni ó ń gbé, òun ni ó ń bójú tó ilẹ̀ tí Bàbá ní níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá yóò fi kú, Bùrọ̀dá àti àbúrò wa kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọdún méjì. Ìdí rẹ̀ ni pé Bùrọ̀dá dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá ilé onílé lórí púlọ́ọ̀tì méjì nínú ilẹ̀ Bàbá. Ó ní àbúrò wa ni ó tà á, tí ó sì ná owó rẹ̀. Bàbá ní kì í ṣe òun ni ó tà á. Bùrọ̀dá ní ọmọ àbíkẹ́yìn ni Bàbá ń bò. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá ń bọ̀ nílé, èkejì á ti lọ.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ òkú, Màmá fa àpótí irin kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Àgádágodo ara rẹ̀ kì í ṣe oníkọ́kọ́rọ́, nọ́ńbà mẹ́ta ni à ń yí lórí rẹ̀. Àpòòwé kan wà lórí àpótí náà, Bàbá kọ ọ́ sí i pé, “Fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.” Nígbà tí a tú u, àwòrán àgbàlá ilé náà ni a rí, ó fi rúlà yà á bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí: géètì, igi àgbọn, táǹkì omi, àti ìlà wẹ́wẹ́ tí ó gba ara wọn kọjá. Ó ya owó ẹyọ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Bùrọ̀dá ní, “Ẹ jẹ́ ká pe wẹ́dà, jàre. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò fi gé e.”

Màmá wò ó. “Bàbá Ìbejì, ṣé bàbá yín kò ní ayùn nílé ni? Bí ó bá fẹ́ kí ẹ gé e, ṣé yóò wá jókòó ya gbogbo èyí?”

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, èyí obìnrin, tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, ní ká fi òun sílẹ̀. Ó ní láti 000 dé 999, ẹgbẹ̀rún kan péré ni gbogbo rẹ̀. Bí òun bá ń fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin yí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje ni ó pọ̀ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bùrọ̀dá ka ẹyọ inú àwòrán náà, ó ní mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, bóyá ti ẹẹ́rìndínlógún àwọn aláwo ni Bàbá ní lọ́kàn. Wọ́n gbìyànjú 016, wọ́n gbìyànjú 160, kò ṣí. Wọ́n gbìyànjú ọjọ́ àti oṣù ìbí Bàbá, pàbó.

Ohun tí wọ́n ṣe yẹn kò burú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó àṣírí wọn sí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Richard Feynman, wà ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ó di gbajúmọ̀ aṣíséèfù láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ kò ní oògùn kankan. Ó kàn mọ̀ pé àwọn kan kì í yí nọ́ńbà tí séèfù bá dé láti ilé iṣẹ́ padà, àwọn mìíràn a sì máa lo ọjọ́ tí kò lè fò wọ́n ru, tàbí nọ́ńbà tí gbogbo oníṣirò mọ̀ lórí. Ọ̀kan nínú wọn lo 27-18-28, oníṣirò tí kò bá mọ ìyẹn kò tíì jẹ oníṣirò.

Ṣùgbọ́n Bàbá wa kì í ṣe irú wọn. Mo gbé àwòrán náà lọ sí ojú fèrèsé. Mo rí i pé ẹyọ méjì ni ó wà lẹ́nu géètì, wọ́n sì kojú síra. Mẹ́fà wà nídìí igi àgbọn, mẹ́jọ wà lára táǹkì. Bí ènìyàn bá gba ojú ìlà wẹ́wẹ́ náà wọlé láti géètì, ọ̀rọ̀ tí yóò kà nìyí: ẹ kojú síra yín, ẹ fà mọ́ra yín, ẹ jọ ṣe é. Mo ní kí ọmọ náà yí 268. Àgádágodo náà ṣí, ó dún “káá”.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí mi, 112 ni mo wà. Bí ẹ bá ti fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ǹ bá ti dé ibẹ̀.”

Àpótí kékeré kan ni ó wà nínú àpótí ńlá, nọ́ńbà mẹ́rin ni ti òun, pẹ̀lú ìwé kejì. Bàbá ya òkúta ààlà méjì sí i, irú èyí tí àwọn awọnlẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì mọ, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí lórí, tí wọ́n ń rì mọ́ igun ilẹ̀. Ó kọ “Ajah” sábẹ́ ọ̀kan, “Ẹ̀pẹ́” sábẹ́ èkejì. Ó fa ìlà sábẹ́ ibi tí nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn lórí òkúta kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó wà. Ó wá kọ ọ́ pé: “Ìdajì wà lọ́dọ̀ àgbà, ìdajì wà lọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn.”

Gbogbo ilé dákẹ́.

A mú ṣọ́bìrì, a lọ sí igun àgbàlá. Yanrìn tí wọ́n ti ń dà síbẹ̀ láti ọdún mọ́dún nítorí àgbàrá ti bo òkúta náà. Ó tó ìwọ̀n orúnkún kí á tó kàn án, omi sì ti ń sun jáde nínú ihò náà. A fọ orí rẹ̀: 47 ni ó parí sí.

Ọmọ oníṣirò tún dé. Ó ní nọ́ńbà mẹ́rin, ẹgbàárùn-ún ni gbogbo rẹ̀, yóò gbà ju wákàtí mọ́kànlá lọ. “Ṣùgbọ́n bí a ti mọ méjì yìí, ọgọ́rùn-ún péré ló kù. Kò tó ìṣẹ́jú méje!”

Ojú Bùrọ̀dá mọ́lẹ̀. “Ó tán. A kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́.”

Ó na ọwọ́ sí àpótí náà, ṣùgbọ́n Màmá ti gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá yín mọ ìṣirò ju ọmọ yìí lọ. Ó mọ̀ pé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é.”

Bùrọ̀dá ní kí n pè é. Màmá ní rárá, ìwọ àgbà ni.

Ó pẹ́ kí ó tó tẹ fóònù náà. A gbọ́ ohùn àbúrò wa: “Ẹ káàsán, sà.” Ọdún méjì nìyẹn. Bùrọ̀dá wú ikọ́, ó ní, “Jọ̀ọ́, bá wa lọ wo òkúta ààlà tó wà lórí ilẹ̀ Bàbá.”

Àbúrò wa dákẹ́ díẹ̀. “Ilẹ̀ tí ẹ ní mo tà yẹn?”

“Òun náà ni,” Bùrọ̀dá dáhùn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àbúrò wa kò fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pè pé òun ti wà lẹ́nu géètì ẹsíteètì, àwọn ọlọ́dẹ ní kò ní nọ́ńbà ìwọlé. Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀ ni ó fi í ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí ó wọlé, ó kí Màmá, ó kí gbogbo wa, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀: 19.

4719 ni ó ṣí àpótí náà. Ìwé sọ́fè ilẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, àti rìsíìtì, àti lẹ́tà kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Rìsíìtì náà fi hàn pé Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó ta púlọ́ọ̀tì méjì yẹn, ní 2016. Ẹ rántí ọdún náà, nígbà tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà wó, tí náírà sì jábọ́. Ọdún yẹn gan-an ni gbèsè ọjà tí Bùrọ̀dá fi dọ́là rà fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ni ó fún un lówó, ó ní owó ìfẹ̀yìntì òun ni. Nínú lẹ́tà náà, ó ní òun kò fẹ́ kí ojú ti ọmọ òun níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Pé òun sọ fún àbíkẹ́yìn, ó sì bá òun pa á mọ́.

Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè é ní olè ni ó ti mọ ẹni tí ó ná owó náà, kò sì yanu.

Bùrọ̀dá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, àbúrò wa ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà, ẹ má fi mí ṣe èyí.” Mo kó àwọn ọmọ jáde sí àgbàlá.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Àwọn kan tí mo sọ ọ́ fún yin Bàbá wa pé ọlọ́gbọ́n ni. Ọlọ́gbọ́n ni lóòótọ́. Ó mọ̀ pé bí a bá fi ayùn gé àpótí náà, a ó rí ìwé, ṣùgbọ́n a kò ní rí ara wa. Síbẹ̀, èmi kò ní fi gbogbo ẹnu yìn ín. Ọdún méjì ni ọmọ kan fi ru ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ṣáájú Bàbá lọ ńkọ́? Bí omi bá ti wọ abẹ́ ibùsùn yẹn ńkọ́? Forrest Fenn, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, kó wúrà pamọ́, ó sì fi ewì ṣe àmì ọ̀nà rẹ̀ sínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 2010. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi wá a kí ẹnì kan tó rí i ní Wyoming ní 2020, àwọn kan sì ti kú lórí ìwákiri náà. Àlọ́ dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò já a lè má dé lásìkò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè sọ lójú ayé, ẹ má tì í mọ́ àpótí. Bí ẹ bá ta ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ mọ̀. Ẹ kọ ìwé ìhágún, kí ẹ fi sí ọwọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ẹni tí ó bá ń ra ilẹ̀ ní ìhà Ajah sí Ẹ̀pẹ́, kí ó gbé ìwé sọ́fè rẹ̀ dé Alausa kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì rántí pé láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá sì ní àgádágodo olónọ́ńbà, ẹ má lo ọjọ́ ìbí yín, ẹ má lo 1234. Kí ẹni méjì ó mọ nọ́ńbà rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni méjì tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.