Kọ̀ǹpútà Tí Ń Dákú

Ẹni tí orí bá ń fọ́ ní àràárọ̀ lè ṣàlàyé ara rẹ̀ fún oníṣègùn láìṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn ń ṣubú lulẹ̀ lójijì, lónìí ní oko, lọ́la ní ọjà, ní ọ̀tunla lórí ibùsùn, àìsàn tirẹ̀ ni í dẹ́rù ba ará ilé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó kú pátápátá kò yọni lẹ́nu tó èyí tí ń kú tí ó sì ń jí, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ wákàtí tí yóò tún kú.

Irú ìyọnu yìí ni ó bá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, láti agbo ilé àwọn ahunṣọ. Owó aṣọ òkè tí ìyá rẹ̀ tà ni ìyá náà fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un ní ọdún tí ó wọ yunifásítì. Kì í ṣe tuntun, tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun ìní mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kà sí tó o. Inú rẹ̀ ni ó ń kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ sí, ìwé tí ó dá lórí aṣọ híhun ní ìlú rẹ̀. Ó ti jókòó ti àwọn àgbà ahunṣọ ní ìdí òfì, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ sányán, ọ̀rọ̀ àlàárì àti ọ̀rọ̀ ẹtù lẹ́nu wọn, ó sì ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú yàrá kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti ń tẹ̀wé lọ, ojú kọ̀ǹpútà ṣàdédé di búlúù láti etí kan dé èkejì. Ìwé tí ó ń tẹ̀ pòórá. Àmì kan yọ bí ojú ẹni tí ó fajú ro, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sì tẹ̀lé e pé ìṣòro ti bá ẹ̀rọ, àti pé yóò kú, yóò sì tún ara rẹ̀ tàn. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n kọ orúkọ kan ní lẹ́tà ńláńlá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó kà á tán, ẹ̀rọ ti kú, ó sì ti tún ń jí bọ̀.

Ó fojú fò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà mìíràn wà tí ó lè tẹ̀wé láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsí ohun kan. Ìgbà mìíràn sì wà tí kò ní í tíì jókòó dáadáa kí ojú búlúù náà tó dé. Nígbà tí ó yá, ó dé bí ó ti ń tọ́jú ìwé rẹ̀ pamọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ jí, fáìlì kan kọ̀, kò ṣí mọ́. Ojú-ìwé mẹ́rìnlá ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá arúgbó kan tí ó mọ bí wọ́n ti ń pa òwú láró láyé àtijọ́. Bàbá náà sì ti kú ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ìbínú gba ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ojú rẹ̀ kò sì lọ síbòmíràn ju ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ náà a máa fi kọ̀ǹpútà ṣeré ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní òun ni ó kó àrùn wọ inú ẹ̀rọ. Ọmọ náà búra, ó sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọ́. Ó kà á léèwọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́, àwọn méjèèjì sì wà nínú yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹni tí kò mọ ara wọn. Síbẹ̀, bí kò ti fọwọ́ kàn án mọ́ yìí, ẹ̀rọ kò ṣíwọ́ dídákú. Ó yẹ kí èyí ti ṣí ẹ̀gbọ́n lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dá ẹjọ́ tán kì í wá ẹlẹ́rìí mọ́.

Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìmọ̀ràn. Èkíní ní iná mànàmáná ni. Èkejì ní ṣájà ni. Ẹ̀kẹta ní kí ó pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ó fi Windows tuntun sí i. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó kó ìwé rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún ìgbà díẹ̀, ó pààrọ̀ ṣájà, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún un ṣe, ó sì dá ìwé náà padà. Ara ẹ̀rọ balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú búlúù tún yọ.

Nígbà náà ni ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọkùnrin yìí kò sáré tú ẹ̀rọ. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ bi í.

Ó ní, “Ọmọ mi, yàtọ̀ sí inú ẹ̀rọ yìí, níbo tún ni iṣẹ́ rẹ wà nísinsìnyí?”

Akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn pé, “Kò sí níbòmíràn, sà.”

Àgbà náà mi orí. Ó ní, “Nígbà tí ilé bá ń jó, ẹrù ni à ń kọ́kọ́ kó jáde.” Kò sì ṣe ohun mìíràn títí wọ́n fi kó gbogbo ìwé náà sórí fláàṣì, tí wọ́n sì tún fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè orúkọ tí ojú búlúù náà ń kọ sí ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá a lóhùn, nítorí pé kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Àgbà náà sọ fún un pé Windows a máa tọ́jú ìròyìn kékeré nípa ìdákú kọ̀ọ̀kan sínú àpò kan tí ń jẹ́ Minidump. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ibẹ̀, ti ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bá. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn ẹlẹ́rìí yòókù rẹ́ ní ọjọ́ tí ó pa gbogbo inú ẹ̀rọ rẹ́.

Àgbà náà wá là á yé e pé ojú búlúù kì í ṣe àrùn. Bí ahunṣọ bá rí i pé òwú kan ti já, a dá ọwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí aṣọ má baà bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí Windows ń ṣe nìyẹn. Bí ó bá rí i pé ohun kan ti yà kúrò lójú ọ̀nà ní ibi tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé, yóò kúkú dá iṣẹ́ dúró ju kí ó máa kọ ìkọkúkọ lọ. Ohun tí ó sì lè mú òwú já pọ̀. Eruku lè dí ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí, kí ooru sì mú un. Ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fáìlì sí lè máa bàjẹ́ lọ. Dráífà, èyí tí í ṣe atọ́nà láàrin Windows àti àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, lè ní àṣìṣe nínú. Ó rán an létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí kọ̀ǹpútà bí mílíọ̀nù 8.5 dákú káàkiri ayé, tí ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, tí iṣẹ́ sì dúró ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó ṣe é. Àtúnṣe kan tí ó ní àṣìṣe nínú, tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí ohun èlò ààbò tirẹ̀, ni ó fà á. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà.

Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ra ìwé kékeré kan. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá dákú, kí ó kọ ọjọ́, wákàtí, iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ àti orúkọ tí ó rí. Kò gbọ́dọ̀ tún ohunkóhun ṣe, nítorí pé ẹni tí ó lo oògùn márùn-ún pọ̀ ní ọjọ́ kan kò ní í mọ èyí tí ó wò ó sàn, kò sì ní í mọ èyí tí ó dá kún àìsàn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìdákú méje ni ó wà nínú ìwé. Orúkọ wọn kò bára mu: MEMORY_MANAGEMENT ní ọjọ́ kan, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL ní ọjọ́ kejì, PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA ní ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun kan bára mu: ìgbà tí ó bá ṣí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá jẹ́ dráífà kan ni ó ń yọni lẹ́nu, orúkọ kan náà ni ì bá sábà máa padà wá. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ń yí báyìí, ó yẹ kí a yẹ RAM wò.

RAM ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Àgbà náà fi í wé ilé òkè tí pákó kan ti jẹrà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá wà nínú ilé, wọ́n lè máà tẹ pákó náà ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí àlejò bá pọ̀, ẹnìkan yóò tẹ̀ ẹ́ dandan, yóò sì ṣubú. Lónìí bàbá àgbà ni, lọ́la aládùúgbò ni, orúkọ ẹni tí ó ṣubú ni ojú búlúù sì ń kọ. Ó ní, “Ẹni tí pákó gbé ṣubú kọ́ ni ó ba pákó jẹ́.”

Akẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́.

Àgbà náà béèrè pé kí ni ó yí padà nínú ẹ̀rọ kí àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ó dáhùn pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ó délé, ó tún béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ara rẹ̀ sókè. Àbúrò rẹ̀ tí ó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò rántí ni? Ẹ ra RAM kan ní ọjà, ẹ ní ó pọ́ọ́kú, ẹ fi kún èyí tí ó wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ lè máa yá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ó kọ́kọ́ dákú.”

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbà náà fi ohun èlò tí ń jẹ́ MemTest86 sórí fláàṣì, ó sì jẹ́ kí ó máa dán RAM wò láti alẹ́ di òwúrọ̀. Àṣìṣe pọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ó yọ RAM tuntun kúrò, ó tún dán an wò: kò sí àṣìṣe kan. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yọ ògbólógbòó, ó fi tuntun sí ojú ihò tí ògbólógbòó wà gan-an, kí ó lè dájú pé kì í ṣe ihò ni ó bàjẹ́. Àṣìṣe tún dé. Nígbà náà ni ó tó dájọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọ́ sọnù, kọ̀ǹpútà náà kò yára mọ́ bí i ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákú mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n pe àbúrò rẹ̀. Kò rọrùn fún un. Ó ní, “Mo pè ọ́ ní ẹni tí o kò jẹ́. Èmi ni mo fi owó mi ra ohun tí ó ba ẹ̀rọ jẹ́. Dákun, fi orí jì mí.” Ọmọ náà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá Sátidé ṣì jẹ́ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ìwé àṣekágbá náà parí ní àkókò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá aláró kò padà wá. Ojú-ìwé méjì péré ni akẹ́kọ̀ọ́ lè rántí nínú mẹ́rìnlá, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyókù ti sọnù. RAM jíjẹrà ni ó ba fáìlì náà jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó sọnù.

Ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ dúdú rọ́pò búlúù náà nínú Windows 11. Àwọ̀ lè yí padà, iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ kò yí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ṣàìsàn, kí ó kọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó yẹ ohun kan ṣoṣo wò lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì bi ọwọ́ ara rẹ̀ léèrè kí ó tó nàka sí ọmọ ẹlòmíràn.