Owó-Orí Ẹni Tí Ó Ń Ṣiṣẹ́ Lẹ́yìn Ẹnubodè

Ní ìlú wa Ìgbòho yìí, ó ṣòro kí a rí agbo ilé kan tí kò ní ọmọ kan tàbí méjì lẹ́yìn ẹnubodè. Bí ènìyàn bá ti gba Ṣakí kọjá sí Òkèrètè, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti dé tán. Àwọn bíríkìlà wa wà ní Pàràkú, àwọn káfíńtà wa wà ní Ṣábẹ, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kàwé sì ń kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí dé Kútọnu. A máa ń gbàdúrà fún ìrìnàjò wọn, a sì máa ń bá wọn dúpẹ́ nígbà tí wọ́n bá bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í bá wọn sọ nínú ìjọ, òun ni owó-orí. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, nítorí mo ti rí ohun tí ìwé kékeré kan lè ṣe nínú ayé opó.

Bàbá mi ṣòwò ní Tamale, ní àríwá ilẹ̀ Gánà. Àwọn ará Ìgbòho, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà bí ẹni pé ilé ni wọ́n wà. Bàbá ní agolo bisikíìtì kan tí ó ń kó ìwé owó-orí sí, ti Gánà lápá kan, ti ilé lápá kejì, nítorí bí ó bá wálé lásìkò ọdún, àwọn agbowó-orí ìlú a máa béèrè tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò nílùú. Ìwé owó-orí kì í ṣe ìwé ìgbélùú, nítorí náà kò gba bàbá mi sílẹ̀. Ó gbé agolo rẹ̀, ó wálé. Ẹ wá wò ó: nígbà tí ó délé, ọ̀rọ̀ owó-orí yìí kan náà ni ó ń gbóná ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ti dìde láti ọdún 1968. Bàbá a máa fi ṣe ẹ̀rín pé wọ́n lé òun kúrò níbi tí òun ti ń san án jẹ́jẹ́, òun wá bá ibi tí wọ́n ti ń bá ìjọba jà nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fẹnu kò lórí ìlà tí ó pín wa níyà. Nígbà tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí lọ́wọ́ olúkúlùkù ní Dàhòmì ní 1899, tí wọ́n tún ń fi tipá mú ènìyàn ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi tipá mú ọmọkùnrin ṣe sójà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló di ẹrù wọn tí wọ́n sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ìtàn yìí sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1976. Nígbà náà, ẹni tí ó bá ti fo ìlà kọjá, owó-orí ti ẹ̀yìn ti tán lọ́rùn rẹ̀. Lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti opó náà. Ọkọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Pàràkú fún ọdún méjìdínlógún. Nígbà tí ó sùn nínú Olúwa, tí a sin ín tán, arábìnrin yìí gbé àpò kan wá bá mi. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní kí n jó o, ọkàn mi ò gbà." Ìwé owó oṣù ni ó kún inú rẹ̀, oṣù tẹ̀ lé oṣù, gbogbo rẹ̀ ní èdè Faransé. Arákùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé tò. Mo fi ìka tọ́ ìlà méjì hàn án lórí ìwé náà. Èkíní ni ITS, owó-orí tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń gbà lórí owó oṣù. Èkejì ni CNSS, owó ìfẹ̀yìntì. 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún un, ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi tirẹ̀ kún un. Owó kejì yìí kì í ṣe owó-orí. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, aya àti ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Obìnrin náà jókòó, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì wọn ní Pàràkú, nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè. Owó náà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, òun ni ọmọ rẹ̀ àgbà sì fi parí ìwé mẹ́wàá.

Bí owó-orí ti Bẹ̀nẹ̀ ṣe rí nìyí. Ọ̀gá ni yóò yọ ọ́ kí ó tó san owó oṣù. Láti ọdún 2022, wọn kì í gba nǹkan kan lórí 60,000 sẹ́fà àkọ́kọ́ nínú oṣù. Láti ibẹ̀ dé 150,000, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nítorí náà ẹni tí ó ń gba 100,000 yóò san 4,000. Bí owó bá ti ń ga ni ìdá náà ń ga, títí yóò fi dé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí ó bá lé ní 500,000. Télọ̀ tàbí mẹkáníìkì tí ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń san èyí tí wọ́n ń pè ní TPS, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó pa wọlé lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ dín ní 10,000 sẹ́fà. Yóò gba nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní IFU. Kí ó tọ́jú nọ́ńbà náà dáadáa.

Nílé ńkọ́? Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí, àti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó tẹ̀ lé e. Èyí tí wọn kò gbọ́ ni ẹni tí òfin náà kà sí olùgbé Nàìjíríà. Bíríkìlà kan nínú ìjọ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, ń fẹ́ ṣe ìwé ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta wá. Ó wá bá mi pẹ̀lú ìbínú.

"Dádì, èmi kì í lo oṣù mẹ́ta nílé láàárín ọdún. Kí ló kan Ìjọba Ọ̀yọ́ nínú owó tí mo rí ní Pàràkú?"

Mo ní, "Níbo ni ìyàwó rẹ wà?"

"Ó wà níbí."

"Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́? Ilé tí o kọ́ ńkọ́?"

Kò dáhùn mọ́. Ọjọ́ 183 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, pé ẹni tí ó bá lo iye ọjọ́ yẹn ní Nàìjíríà láàárín oṣù méjìlá ni olùgbé. Òótọ́ ni, ó ṣì wà nínú òfin. Ṣùgbọ́n òfin tuntun tún ń wo ilé tí ènìyàn ní fún ìgbé ara rẹ̀, ó ń wo ìdílé rẹ̀ àti ibi tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ so mọ́. Bí ó bá sì ti jẹ́ olùgbé, owó tí ó rí níbikíbi ni òfin ń kà mọ́ ọn lọ́rùn.

Ó béèrè pé, "Ṣé kí n wá san án lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò ní Abuja lórí ìlànà tí kò ní jẹ́ kí orílẹ̀-èdè méjì gba owó-orí lórí owó kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jàǹfààní rẹ̀? Ẹni tí ó bá lè fi hàn pé òun ti san ti àkọ́kọ́ ni. Mo ní kí ó kó àwọn ìwé owó oṣù rẹ̀ jọ, kí ó lọ bá àwọn agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ń gba owó-orí olúkúlùkù, kì í ṣe Abuja, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọn yóò ṣe ka èyí tí ó ti san.

Èmi náà gbé Pàràkú ní ọdún márùn-ún nígbà tí ìjọ rán mi lọ. Ìjọ ń san owó oṣù mi ní náírà, wọ́n sì ń yọ owó-orí rẹ̀ níbí. (Àwọn kan nínú àwa òjíṣẹ́ rò pé nítorí tí owó ìjọ kò ní owó-orí, owó oṣù pásítọ̀ náà kò ní. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.) Ní alẹ́, mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé náà sì ń yọ owó-orí Bẹ̀nẹ̀ lórí ìyẹn. Mo béèrè fún ìwé rẹ̀. Ọ̀gá wọn wò mí, ó ní, "Pásítọ̀, owó kékeré ni. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní mo fẹ́ kó o sínú agolo bisikíìtì. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni.

Ohun kan tún kù tí ó máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn wa lójú. Owó tí a ń fún àwọn tí wọ́n na okùn sójú ọ̀nà kì í ṣe owó-orí. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ẹrù yàtọ̀ pẹ̀lú. Ohunkóhun tí kò bá ní rìsíìtì, ẹ má kà á mọ́ ohun tí ẹ san fún ìjọba, nítorí ìjọba náà kò ní kà á fún yín. Nínú Matteu orí 17, nígbà tí wọ́n béèrè owó tẹ́ḿpìlì, Jésù kọ́kọ́ bi Pétérù bóyá ọmọ ni àwọn ọba ń gba owó lọ́wọ́ wọn tàbí àlejò. Bíríkìlà wa tí ó wà ní Pàràkú jẹ́ àlejò níbẹ̀, ó sì jẹ́ ọmọ nílé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni ọjọ́ ìkẹyìn tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ owó tí ó rí ní ọdún tí ó kọjá ránṣẹ́ sí agbowó-orí ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé owó oṣù ti Bẹ̀nẹ̀ tí kò sì gbọ́ Faransé, kí ó mú un wá sí ọ́fíìsì ìjọ lẹ́yìn ìpàdé àdúrà ọjọ́ Wẹ́sìdé. Kí àwọn tí ọkọ wọn wà lọ́nà jíjìn náà wá. Kí wọ́n mú àpò náà wá bí ó ti wà, kí wọ́n má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.