Bí o ṣe lè mọ Tekken gbá láìní géèmù nílé

1/ Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ Tekken là ń sọ lónìí. Ní Emùré níbí, ọ̀pọ̀ wa ò ní géèmù nílé. Ṣọ́ọ̀bù la ti ń gbá a, owó sì ni. Ẹni tí wọ́n bá nà á gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Ìṣẹ́jú méjì, owó ti lọ. Tí wọ́n bá wá sọ fún ọ pé kí o lọ fi wákàtí méjì dánra wò, níbo?

2/ Ẹnì kan ṣoṣo ni kí o mú. Lónìí King, lọ́la Law, o ò ní mọ ìkankan. Èmi, King ni mo mú, mi ò sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin Eddy, mo mọ̀ yín o! Láti Tekken 3 ní 1997 lẹ ti ń tẹ bọ́tìnnì ẹsẹ̀ ṣáá. Ó ń fò, ó ń yí, ó dùn ún wò. Ọjọ́ tí ẹ bá pàdé ẹni tó mọ ìdènà, ó parí.

3/ Ìdènà ló ṣáájú. Tí o bá dúró tí o tẹ ẹ̀yìn, wàá dènà ìlù òkè àti ti àárín. Tí o bá lóṣòó tí o tẹ ẹ̀yìn, wàá dènà ti ìsàlẹ̀, ti òkè á sì gba orí rẹ kọjá. Àmọ́ ti àárín á bá ọ, òun ló sì máa ń dun ni jù. Torí náà, ìdúró ni kí ó pọ̀ jù. Ìgbà tí o bá rí i pé ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀ ni kí o lóṣòó.

4/ Géèmù náà pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 60. Ẹ̀ṣẹ́ tó yá jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba 10 nínú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ju ìlù ńlá tí o sì dènà rẹ̀, ó sábà máa ń há díẹ̀ kó tó lè ṣe nǹkan míì. Ìgbà tìẹ nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ́ kíákíá ni kí o fi dá a lóhùn.

5/ Ọ̀fẹ́ ni wíwò. Bí o ṣe ń dúró kó kàn ọ́, fi fóònù sílẹ̀. Wo ohun tí ẹni tó wà lórí páàdì máa ń ṣe tó bá ṣubú tó ń dìde. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yí i padà. Tó bá wá kàn ọ́, wọ́n á máa pariwo lẹ́yìn rẹ: "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́!" Má dá wọn lóhùn. Ẹni tí a ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà.

6/ Ní 2019, Arslan Ash, ọmọ Pakistan, gba Evo Japan. Lọ́dún yẹn kan náà, ó gba Evo ní Las Vegas, ó na Knee, ọ̀gá ọmọ Kòríà, ní àṣekágbá. Ṣáájú ìgbà náà, ta ló ń dárúkọ Pakistan sí Tekken? Ìlú Lahore ló ti wá, níbi táwọn ọmọ ti ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, tí wọ́n ń na ara wọn lójoojúmọ́. Ṣé ẹ rí i? Ṣọ́ọ̀bù náà ni.

7/ Torí náà, má sá fún ẹni tó ń nà ọ́. Tí ẹnì kan bá ti Ìkéré wá tó na gbogbo yín, ra omi tútù fún un, kí o bi í: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń rí mi mú?" Kí o tó sanwó, mú ohun kan ṣoṣo tí o fẹ́ kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ìdènà, tí o sì dènà ohun tó ti ń bá ọ láti àná, wọ́n lè nà ọ́ o, àmọ́ owó rẹ ò ṣòfò.

8/ Ó yá, ta ni ìwọ ń mú? Má sọ Eddy fún mi o.