Iyùn Tí Kì Í Ṣe Iyùn

Inú ìgò jáàmù kan lórí fèrèsé ilé ìdáná mi ní Glasgow ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìgò náà funfun bí ẹfun, ó rí págunpàgun bí egungun ìka ọmọ adìẹ, ó sì máa ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí a bá mì ín. Etíkun Claigan ní erékùṣù Skye ni mo ti bù ú, níbi tí wọ́n ń pè ní Etíkun Iyùn. Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí mo mọ iyùn lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó, inú mi dùn pé Ọlọ́run da iyùn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún mi ní ilẹ̀ Scotland. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fi hàn fún àlejò. Àfi ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun alààyè inú òkun, gbé ìgò náà sókè, tó wò ó, tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, sà. Koríko ni."

Ó ní maerl ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ àwọn ará Bretagne ní ilẹ̀ Faransé. Koríko òkun pupa ni. Kò ní gbòǹgbò, kò so mọ́ àpáta. Orí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló kàn wà, tí omi ń yí i síwá sẹ́yìn. Bó ṣe ń dàgbà ló ń fa ẹfun inú omi òkun sára, títí ara rẹ̀ yóò fi le bí òkúta. Bó bá kú, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, ìgbì á gbé egungun rẹ̀ wá sétí òkun, oòrùn á sì sá a di funfun. Òkú ni mo kó sínú ìgò tí mo ń fi yangàn. Mo ní ó di dandan kí n rí alààyè rẹ̀.

Ibùsùn maerl tó tẹ́ lọ rẹrẹ jù lọ tí àwọn onímọ̀ tíì ròyìn wà ní Abrolhos, létíkun Bahia ní Brazil, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 20,900 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bahia yẹn náà ni, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ láyé òwò ẹrú, tí wọ́n ṣì ń gbé ẹ̀bùn wọ inú òkun fún Yemọja. Ó wù mí kí n débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo owó ọkọ̀ òfuurufú, mo rántí pé erékùṣù Arran kò jìnnà sílé mi.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Glasgow dé Ardrossan, mo sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Brodick. Kò tó wákàtí kan lórí omi. Òkè Goat Fell yọ lókèèrè, ìkúukùu wé e lórí bíi gèlè ẹni tó ń kánjú. Bọ́ọ̀sì gbé mi gun òkè, ó sì sọ̀ mí kalẹ̀ ní Lamlash, abúlé kan tí ilé rẹ̀ tò sétí omi. Holy Isle dúró gbagidi níwájú abúlé náà, bí ẹni pé wọ́n fi í dí ẹnu ọ̀nà òkun.

Obìnrin tó ń dúró dè mí létí èbúté ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òmùwẹ̀ ni, láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Màdáàmù" ni mo ń pè é títí a fi pínyà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ló ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo mú ìgò tí mo sọ fún un lórí fóònù wá. Mo ní rárá. Ó wà nínú báàgì mi. Ojú ló tì mí.

Èmi kò lè wẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi tútù bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ akin. Kámẹ́rà ni a fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ kékeré kan, àwa sì jókòó ti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Ẹrọ̀fọ̀ la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà yanrìn, lẹ́yìn náà akàn kan tó gbé ẹ̀mú sókè sí wa bí ẹni ń wá ìjà. Nígbà tó yá, ilẹ̀ yí padà, ó di gbágungbàgun, ó dúdú bí èédú tí wọ́n dà sílẹ̀. Mo fẹ́ béèrè, obìnrin náà ní, "Má tíì sọ̀rọ̀," ó sì tan iná ara kámẹ́rà.

Ẹ wo àwọ̀! Ohun tó dúdú tẹ́lẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú bí awẹ́ obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ibòmíràn sì di elésè àlùkò. Ó tẹ́ lọ títí ibi tí iná mọ. Obìnrin náà ní ìmọ́lẹ̀ pupa kì í rìn jìnnà nínú omi òkun. Àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé ló máa ń délẹ̀, àwọ̀ pupa ara koríko yìí sì ni àwọ̀n tó fi ń mú wọn jẹ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá gbé iná lọ kò ní í mọ̀ pé ó pupa.

A dákẹ́, à ń wò. Láàárín ẹ̀ka òun ẹ̀ka, àyè wà tí omi ń gbà kọjá, inú àyè yẹn sì ni ayé wà. Ọmọ scallop kan, irú ẹran òkun oníkarahun kan tí wọ́n máa ń jẹ, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ti fi òwú tín-ín-rín so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka kan kí ìgbì má baà gbé e. Ẹja ìràwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ń na ọwọ́ jáde nínú ihò. Ẹja kéékèèké sá pamọ́ nígbà tí iná kàn wọ́n. Obìnrin náà ní ọmọ kọ́ọ̀dù náà máa ń wá fara pamọ́ síbẹ̀, kọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń sá gbẹ di pánla. Mo rántí àwọn apẹja Ègùn, bí wọ́n ṣe ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú ọ̀sà kí ẹja lè rí ibi sá sí kó sì máa bí sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní acadja. Acadja ni mo ń wò yìí, àmọ́ kò sẹ́ni tó rì í mọ́lẹ̀.

Mo béèrè pé bí ẹ̀ka kan bá ṣẹ́, ìgbà wo ni òmíràn yóò tó o. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè yẹn ló ti ń retí. Orí ẹ̀ka kan kì í ga ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ lọ́dún, nínú omi tútù kì í tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Èékánná mi ń dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá tóbi tó àgbálùmọ́ kan ti lè wà láyé kí wọ́n tó bí ọmọ mi àkọ́bí, ẹní tí gbogbo wọn jọ tẹ́ sílẹ̀ sì lè ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ó ń ní ìlà nínú bí igi ìrókò ṣe ń ní. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Glasgow ti ka ìlà wọ̀nyẹn láti fi mọ bí omi òkun ṣe gbóná tàbí tutù sí láyé àtijọ́.

Ohun tó lọ́ra báyìí ni agbọ̀n irin wá bá lálejò. Scallop tó ti dàgbà máa ń sin ara rẹ̀ sínú ilẹ̀, nítorí náà àwọn apẹja ń wọ́ agbọ̀n onírin tó ní eyín gbọọrọ lẹ́yìn ọkọ̀, láti fi tú u jáde. Láti ọdún 1889 ni òfin kan ti lé ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ kúrò ní máìlì mẹ́ta sí etíkun Scotland. Ní 1984, wọ́n mú òfin ọ̀hún kúrò. Onímọ̀ méjì, Jason Hall-Spencer àti Geoff Moore, dán agbọ̀n irin yìí wò lórí maerl nínú omi Clyde tó yí Arran ká yìí kan náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000: ó lé ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún alààyè rẹ̀ tó ṣègbé, ilẹ̀ bo ọ̀pọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà kò sì sí àmì pé ó ń padà bọ̀ sípò.

Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Ẹnu mi kì í yá láti bú apẹja. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, owó ẹja ló san án. Ohun tó kàn mí lára ni pé ilé tí scallop ti ń tọ́mọ ni wọ́n ń fi eyín irin tú, scallop náà sì ni wọ́n ń wá.

Òmùwẹ̀ méjì nínú ará erékùṣù náà, Howard Wood àti Don MacNeish, ló fojú ara wọn rí i bí ìsàlẹ̀ òkun wọn ṣe ń di aṣálẹ̀. Ní 1989, MacNeish rìnrìn àjò dé New Zealand, ó rí ibi tí wọ́n ti fòfin de ẹja pípa pátápátá tí ẹja sì pọ̀ sí i. Ó padà sílé pẹ̀lú èrò yẹn. Ní 1995, àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ COAST sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń ṣèpàdé, kí ìjọba tó gbà ní 2008 pé kí ẹnikẹ́ni má mú ohunkóhun mọ́ ní apá àríwá omi Lamlash. Kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin mẹ́ta. Ní 2014, wọ́n fi gbogbo gúúsù Arran kún ibi tí òfin dáàbò bò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Wood gba ẹ̀bùn Goldman tí wọ́n ń fún àwọn tó ń jà fún àyíká. Láàárín ìgbà yẹn, scallop àti edé ńlá abẹ̀mú inú omi Lamlash ti pọ̀, wọ́n sì tóbi.

"Maerl ńkọ́, màdáàmù?"

"Òun ṣì ń bọ̀," ló wí. "Kì í kánjú."

Ewu mìíràn wà tí pátákó òfin kò lè dá dúró. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ Bretagne àti Cornwall máa ń da maerl sí oko tí ilẹ̀ rẹ̀ bá kan. Nísinsìnyí, èéfín tí gbogbo ayé ń tú sílẹ̀ ń wọ inú òkun, omi rẹ̀ sì ń kan sí i. Irú ẹfun ara maerl sì wà lára èyí tó tètè ń yọ́ nínú omi bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń wo kíkan ilẹ̀, kíkan omi ló fẹ́ jẹ ẹ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, mo pe màámi ní Ẹ̀pẹ́, mo sì fi àwòrán tí mo yà lójú ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí wọn.

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá, Màámi."

"Ṣé wọ́n ń tà á?"

"Wọn kò gbọdọ̀ mú un."

"Kí ni ìwọ wá ń wá lọ sínú òtútù?"

Mo ṣàlàyé agbọ̀n irin àti ọmọ scallop. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Bíi tàwọn tó ń fa yanrìn nínú ọ̀sà ni kẹ̀," ni wọ́n wí. "Ibi tí wọ́n bá ti fà á, ẹja kì í yé síbẹ̀ mọ́." Mo ti fi odidi ọjọ́ kan àti owó ọkọ̀ méjì kọ́ ohun tí màámi mọ̀ látorí ìjókòó wọn lọ́jà Olúwo.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ariwo ọjà kún ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti fi àwòrán náà han gbogbo ìsọ̀. Àwọn ẹlẹ́ja kò gbà pé koríko ni. Ìyá kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní iyùn ojúlówó ni, ẹ bá òun bi ọmọ yín, èló ni wọ́n ń ta okùn kan.