Ilé Là Ń Wò Ká Tó Ra Ẹ̀rọ Gìtá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní tèmi, ilé náà ló yẹ ká wò ká tó ra amplifier, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Ọ̀pọ̀ àwa ọ̀dọ́ tí à ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Àgbàdo, orúkọ la kọ́kọ́ máa ń béèrè. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Fender tàbí Marshall, inú wa á dùn. Bí orúkọ náà bá ṣàjèjì sí wa, a ó yínmú.

Bẹ́ẹ̀, àwọn orúkọ ńlá yìí náà ti ṣàjèjì rí. Leo Fender, tó ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton ní Amẹ́ríkà, kò mọ gìtá ta. Onílù ni Jim Marshall, ìlù ló sì ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Fender tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé wọ́n jù fún àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí náà ní 1962, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi Bassman ti Fender ṣe àwòkọ́, wọ́n sì ṣe JTM45. Àwọn tó kọ́kọ́ ra Marshall, etí wọn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, torí kò tíì lórúkọ nígbà náà. Nílé wa níbí pẹ̀lú, ní 1949, Àyìndé Bákàrè so maíkì kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀, ohùn okùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta yọ láàárín ìlù jùjú.

Lọ́dún tó kọjá, amplifier ṣọ́ọ̀ṣì wa kú. Oṣù méje làwa ọ̀dọ́ fi dá owó, àwọn mìíràn nínú wa ń yọ ọ́ lára owó oúnjẹ ọ̀sán. Bí a bá ṣi ẹ̀rọ rà, kò sí owó mìíràn mọ́. Méjì ni agbára wa ká: tòkunbọ̀ kan tó lórúkọ ńlá, àti tuntun kan láti Ṣáínà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Tòkunbọ̀ ni ọ̀gá akọrin wa fẹ́. Wọ́n ní, "Orúkọ ń roni."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná." 120 volts ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Iná tiwa sì tó 240. Bí a bá kì í bọ iná bẹ́ẹ̀, yóò jó. A ní láti ra tírànsífọ́mà tó ń dín iná kù, owó wa kò sì tó ìyẹn. Èyí tuntun gba iná wa láìsí wàhálà.

A ta gìtá wa nínú méjèèjì. Kí n má parọ́, ohùn tòkunbọ̀ ki ju ti èkejì lọ. Bí a bá sì fẹ́ tà á lọ́la, oníbàárà rẹ̀ á yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ohùn èkejì dé ibi tí a máa ń gbé e dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ṣì mọ́ geere; ìgbà tó kọjá ibẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Gbọ̀ngàn wa kéré, a kì í débẹ̀. Ọ̀gá akọrin dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ san án." Ìyókù owó la fi ra stabilizer, torí iná àdúgbò wa máa ń fò.

Bí gbọ̀ngàn bá tóbi tí owó sì wà, mi ò ní bá ẹni tó ra orúkọ jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo iye iná tó ń gbà, ẹ bi ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò yín bóyá ó lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, kí ẹ sì gbé gìtá tiyín dání lọ sọ́jà.