Ẹ Má Kà Wọ́n Lásán, Ẹ Wọ̀n Wọ́n

Àwọn kan nínú wa gbà pé odò tí kòkòrò bá pọ̀ sí ní ìlera. Èmi kò gbà, tí mo bá rántí Odò Ìyá Aláró, tó ń gba omi ìdọ̀tí àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà.

Ní 1981, John Damuth fi hàn pé láàárín àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú ajewéko, èyí tó bá fi ìlọ́po 16 wúwo ju òmíràn lọ, iye rẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà á tó bí ìdá kan nínú 8. Nínú odò pẹ̀lú, kékeré ló sábà ń pọ̀.

Àmọ́ ìdọ̀tí ń da ìṣirò yìí rú. Bó ṣe ń jẹrà, ó ń gba ọ́síjìn inú omi. Ọmọ lámilámi, tí ara rẹ̀ tóbi, kì í lè fara dà á. Ìdin pupa Chironomus ní haemoglobin. Ó ń mí, ó ń jẹun nínú ẹrẹ̀, ohun tí ì bá pa á jẹ sì ti lọ. Ó wá pọ̀ bí iyanrìn.

Torí náà, ká tó kéde iye, ká wọ̀n wọ́n, ká sì béèrè àwọn ńlá tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́.